Arúgbó Tí Ọdẹ́rìndé Pọ̀n Wá Síbi Ìdìbò

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí kò bá rí àpótí, kó jókòó sórí ẹní. Ẹni tí kò bá rí ẹní, ilẹ̀ kò kọ ẹnikẹ́ni. Láti ìjẹta ni ẹ ti ń fa ara yín láṣọ ya nítorí ẹni tí yóò jẹ Olúọdẹ ìlú yìí. Ìdílé kan ní àwọn ló kàn, ìdílé kejì ní irọ́ ni. Ẹnìkan gbé itan ìgalà lọ sílé àwọn àgbà, ẹnì kejì fa àgbò lọ. Èmi Ìgè, tí mo ti pa ẹfọ̀n kí bàbá ọ̀pọ̀ nínú yín tó gbéyàwó, tí èmi àti iwin ti jọ jẹ ẹ̀kọ nínú ewé kan, ẹ kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó dáa. N kò bínú. Mo bínú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí àwọn obìnrin kan ṣe ń yan olórí wọn, bóyá ojú á tì yín.

Ọdẹ kan wà ní ìlú wa yìí nígbà kan, Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀. Ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, ṣùgbọ́n ìbọn kò lè ṣe nǹkan kan nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí tí ọmọ kò fẹ́ wá. Ìyá lọ, ọmọ lọ. Òun nìkan kọ́ ló ṣe. Láyé ìgbà náà, ìlú wa kò ní agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́. Obìnrin tí oyún rẹ̀ bá ti pé oṣù a máa dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó kúnlẹ̀.

Ọmọbìnrin méjì ló kù fún Ọdẹ́rìndé. Èyí ẹ̀gbọ́n, Ọdẹ́bùnmi, tẹ̀lé àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà lọ sí Òkè Ìparọ́rọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí níbẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ó sì di Sísítà Mọ́níkà. Èyí àbúrò, Àwẹ̀ró, wà nílé ọkọ, ó sì lóyún. Ìyá Olórí àwọn Sísítà ti ṣèlérí fún Ọdẹ́rìndé pé kí oyún Àwẹ̀ró tó pé, òun á yọ̀ǹda Mọ́níkà kó wá ṣí ilé ìgbẹ̀bí sí ìlú wa. Ìlérí yìí ni Ọdẹ́rìndé fi ń sùn, òun ló fi ń jí. Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé Ìyá Olórí ti kú.

Ọdẹ́rìndé gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó forí lé Òkè Ìparọ́rọ́. N kò ní sọ ìrìn ojú ọ̀nà fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó lọ rìn ín. Nígbà tó dé, ó bá ilé òkúta ńlá kan lórí òkè, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń roko nínú ọgbà, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Ẹni tó ń di ilé mú, Sísítà Ìréènì, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀, fún un ní omi, ó dúró kó mu ún tán.

Ó ní, "Bàbá, ìlérí olóògbé kò kú, ṣùgbọ́n n kò lágbára láti mú un ṣẹ. Ìyá Olórí nìkan ló lè rán Sísítà kúrò nílé yìí, a kò sì tíì yan òmíràn."

Ọdẹ́rìndé ní, "Ẹ yàn án nígbà náà. Oyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"A kò lè yàn án. Ẹnìkan kù. Sísítà Àgátà, àgbà gbogbo wa, wà ní Ìlú Òjòjò lẹ́yìn Igbó Òwúyẹ́, ó ń tọ́jú àwọn iwin tí ara wọn kò yá. Òfin wa ni pé gbogbo ẹni tó ní ìbò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìpè, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í. A kì í fi ìbò ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ Àgátà kò sì gbé e mọ́, kò sì sí ẹni tó lè la igbó yẹn já nínú wa."

Ọ̀rọ̀ ti yé Ọdẹ́rìndé. Ó ní òun á lọ pọ̀n ọ́n wá. Ó wá bi Sísítà Ìréènì léèrè ẹni tó ń du oyè náà.

Sísítà Ìréènì ní, "Kò sí ẹni tó ń du ú. Ẹni tó bá tọrọ ìbò fún ara rẹ̀ ti sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá sì ń tọrọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún ló ń bà jẹ́ fún."

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ ẹni tí ẹ ó mú?"

"A ó gbàdúrà. A ó sì wo ara wa dáadáa, nítorí a ti jọ ń gbé pẹ́."

Ọdẹ́rìndé rò pé obìnrin yìí ń fi òun ṣeré ni. Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀, mo rí i lójú yín.

Nígbà tó lọ kí ọmọ rẹ̀ nínú ọgbà, ó bá àwọn Sísítà méjì tó ń jà sí ọkọ́ kan. Wọn kò gbé ẹjọ́ náà lọ bá Sísítà Ìréènì, Mọ́níkà ni wọ́n gbé e wá bá. Mọ́níkà gbọ́ ti ọ̀tún, ó gbọ́ ti òsì, ó fún ọ̀kan ní ọkọ́ tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lásán fa koríko lọ. Ọdẹ́rìndé sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Bùnmi, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n mú ńkọ́?"

Mọ́níkà ní, "Bàbá, bí wọ́n bá mú ẹlòmíràn, n ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá yín lọ. Bí ó bá jẹ́ èmi, Ìyá Olórí kì í kúrò lórí òkè yìí títí ọdún oyè rẹ̀ á fi pé." Ó fa koríko mìíràn. "Ẹ kí Àwẹ̀ró fún mi."

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí o. Bí Àgátà kò bá dé, kò sí ìdìbò, Mọ́níkà kò sì lè lọ. Bí Àgátà bá dé, tí wọ́n sì mú Mọ́níkà, kò lè lọ náà. Ọdẹ́rìndé ń rò ó bó ti ń rìn, títí ó fi já sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Èmi-ni.

Ní Èmi-ni, ẹni tó bá pariwo jù ló ń jọba. Gbogbo ará ìlú ló dúró sí gbàgede, tí wọ́n ń ké "Èmi ni, èmi ni," tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ti ẹnì kejì rí, ìtẹ́ ọba sì ti ṣófo láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló ń sùn lórí rẹ̀. Wọ́n di Ọdẹ́rìndé mú, wọ́n ní bí òun náà kò bá du oyè, á jẹ́ pé amí ni. Ọdẹ́rìndé tọ́ka sí ìtẹ́, ó ní, "Ọba yín ti jẹ tán, kí lẹ tún ń pariwo fún?" Ìgbà tí wọ́n rí ewúrẹ́ náà, gbogbo wọn dojú bolẹ̀, wọ́n ń kí i ní kábíyèsí. Ọdẹ́rìndé yọ́ kúrò láàárín wọn. Èmi fúnra mi kọjá ní ìlú yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ ewúrẹ́ náà ló wà lórí oyè, ìlú sì tòrò. Ìwọ Láòyè tí ò ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọn ì bá fi ọ́ ṣe ìjòyè.

Lẹ́yìn èyí ló wọ Igbó Òwúyẹ́. Àwọn igi ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, wọ́n kàn ń sọ ohun tó wà nínú ẹni síni létí ni. Igi kan ní, "O fẹ́ kí ọmọ rẹ wá sílé." Òmíràn ní, "O fẹ́ kí wọ́n má mú un." Ọ̀kan tó ti gbó ní, "Kì í ṣe agbẹ̀bí nìkan lò ń wá, ilé ló ti ṣófo mọ́ ọ lójú láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ ti lọ." Omijé bọ́ lójú Ọdẹ́rìndé níbẹ̀, kò sì nù ún, nítorí kò sí ẹni tó ń wò ó.

Ìlú Òjòjò la gbọ́ òórùn rẹ̀ ká tó rí i. Ẹ̀yin rò pé àìsàn kì í ṣe iwin ni? Iwin olórí mẹ́ta kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, orí ń fọ́ ọ, kò sì mọ èyí tó ń fọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti fa àdá yọ, ó fẹ́ máa bẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi kan èyí tó ń dùn ún. Obìnrin arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí gba àdá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbé omi yìí mu, kí o lọ sùn." Ó wá wo Ọdẹ́rìndé látòkè délẹ̀. "Ìwọ, kí ló ń ṣe ọ́?"

Sísítà Àgátà nìyẹn. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tẹ̀wọ̀n, Ọdẹ́rìndé mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó pẹ́. Ó jíṣẹ́ fún un. Àgátà ṣe àmì àgbélébùú nítorí olóògbé, ó di egbò tó ń dì tán, ó sì ní kí Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ kí òun gùn ún.

Bó ti pọ̀n ọ́n tán ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ tọrọ ìbò fún ẹnikẹ́ni, wọn kò ní kí a má tọrọ kí wọ́n má dì í fún ènìyàn. Ọdẹ́rìndé wúkọ́.

Ó ní, "Ìyá, ó yẹ kí n kìlọ̀ fún yín nípa ọmọ mi tó wà láàárín yín, Mọ́níkà. Kò yẹ lólórí rárá."

"Báwo ni?"

"Olóríkunkun ni. Nígbà tó wà ní kékeré, ewúrẹ́ baálẹ̀ jẹ iṣu opó kan lóko. Baálẹ̀ fún ọmọ yìí ní itan ẹran kó má sọ. Ó dá ẹran padà, ìyá, ó sì lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú. Ojú tì mí."

"Hùn-ún," ni Àgátà wí.

"Kò mọ̀ ọ́n pàṣẹ. Bó bá yẹ kó rán ọmọdé níṣẹ́, á lọ jẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Kì í bínú pẹ́, ẹni tó bú u láàárọ̀, ẹ ó rí i tí yóò máa bá a di irun lọ́sàn-án. Kò níyì. Bí àlejò bá wọlé, á dìde nídìí oúnjẹ, á sì gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi tutù."

"Ṣé ó mọ ọbẹ̀ sè?"

"Rárá o. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi kan ẹnu."

"Èyí burú," ni Àgátà wí, ó sì fi orí lé Ọdẹ́rìndé léjìká, ó sùn lọ.

Ọdẹ́rìndé rò pé òun ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ ohun tó ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa ki ẹran. A ó ka àbùkù erin, a ó ní ojú rẹ̀ kéré, a ó ní ìdí rẹ̀ tóbi, ká tó ṣẹ́jú ó ti di oríkì. Ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà sọ̀rọ̀ ohun tí a fẹ́ràn.

Báyìí ni wọ́n dé Odò Iyèméjì, tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ tó sì ń ṣàn bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀kan ló ni afárá ibẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi dúró, ó gbé kùmọ̀ dání. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá á já àlọ́ òun.

Ó ní, "Ohun tí o pọ̀n yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí o pọ̀n yóò gbé ọmọ lé ọ lọ́wọ́. Kí lo pọ̀n?"

Ọdẹ́rìndé rò ó títí, kò rí i já. Iwin náà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín. Bí kò bá dé, kò sí ìdìbò, wọn kò sì ní fi ọmọ rẹ jẹ nǹkan kan. Èmi á rán ìjì sí i lórí òkè yẹn, kí o tó délé, á ti wà lágbàlá rẹ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀."

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó fẹ́ ẹ. Ó ti ń wo ibi tó lè rọra tẹ́ arúgbó náà sí lábẹ́ igi. Àgátà ń hanrun, itọ́ rẹ̀ ti rin gbérí ọdẹ lọ́rùn Ọdẹ́rìndé. Ó wá sọ sí Ọdẹ́rìndé lọ́kàn pé ẹni tí kò bá fọkàn tán ènìyàn kì í sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "N kò mọ àlọ́ rẹ. Àwọn tó rán mi kò ní kí n gbé e dé ìdajì ọ̀nà, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ẹlẹ́sẹ̀kan gbé kùmọ̀ sókè. Ariwo rẹ̀ ló jí Àgátà.

"Ta nìyẹn? Ẹlẹ́sẹ̀kan, egbò ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ṣé ò ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe wí?"

Kùmọ̀ wálẹ̀. Iwin náà ní, "Mò ń wẹ̀ ẹ́, Ìyá."

"Irọ́ ni. Mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibí."

Ẹlẹ́sẹ̀kan yẹ̀ fún wọn lórí afárá, ó sì lọ wá omi kaná.

Nígbà tí wọ́n dé Òkè Ìparọ́rọ́, Fáda tí Bíṣọ́ọ̀bù rán láti mójú tó ìdìbò ti ń dúró. Láàárọ̀, wọ́n ṣe Mísà, wọ́n képe Ẹ̀mí Mímọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Wọn kò jẹ́ kí Ọdẹ́rìndé wọlé. Ó jókòó sábẹ́ fèrèsé lóde, ó ń yọjú. Sísítà kọ̀ọ̀kan dìde, ó búra níwájú pẹpẹ pé ẹni tí òun gbà níwájú Ọlọ́run pé ó yẹ lòun yóò mú, ó sì ju ìwé kékeré tó ká sínú ọpọ́n igi kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀. Àgátà kò lè dìde, nítorí náà wọ́n gbé ọpọ́n tọ̀ ọ́ lọ níbi tó jókòó sí.

Wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó tú u. Ó fi ọ̀kan ju iye ènìyàn tó wà nínú ilé lọ. Sísítà kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ti ju méjì tó lẹ̀ mọ́ra sínú ọpọ́n. Ọdẹ́rìndé gbá igi fèrèsé mú, ó ń retí ìjà, nítorí ní ìlú wa, ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Wọn kò jà. Wọ́n dáná sun gbogbo ìwé, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, orúkọ fọ́n káàkiri, kò sẹ́ni tó ní ju ìdajì lọ. Wọ́n tún sun ún, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà. Ìkẹta, Fáda dìde, ó ní Sísítà Mọ́níkà ni, ìbò kan péré ló fi lé ní ìdajì.

Ó kọjú sí i, ó ní, "Sísítà Mọ́níkà, ṣé o gbà?"

Ó lè ní òun kò gbà. Wọn kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni, Ọdẹ́rìndé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mọ́níkà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo fèrèsé, ojú òun àti bàbá rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Mọ́níkà ní, "Mo gbà."

Ọdẹ́rìndé sunkún. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn Sísítà ń kúnlẹ̀ fún olórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí wọn là wọ́n kọjá, ó jáde sí ìta, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lórí yanrìn. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá," ló wí. Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ kàn án lórí.

Ó wá lọ bá Àgátà níbi tó jókòó sí. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Ìbò mi ti jóná. Eérú kì í rojọ́."

"Ìbò kan ló fi wọlé."

Àgátà ní, "Ọdẹ́rìndé, mo ti pẹ́ ní Ìlú Òjòjò. Ọmọ yẹn kò tíì wọ ilé yìí nígbà tí mo lọ, n kò sì rí i rí títí di òní. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Ibi tó jókòó sí ni Ìyá Olórí tuntun bá a. Kò tíì gbọn yanrìn tó wà lórúnkún rẹ̀ dànù. Ó bi gbogbo ilé léèrè pé ta ló mọ iṣẹ́ agbẹ̀bí jù níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn lọ síbi tí Àgátà jókòó sí. Sísítà Ìréènì ní, "Àwọn tó kọ́ yín, òun ló kọ́ wọn."

Mọ́níkà ní, "Ìyá Àgátà, mo rán yín lọ sí ìlú bàbá mi. Ìlérí olóògbé ni, ẹ bá mi mú un ṣẹ."

Arúgbó náà kò tíì sinmi ìrìn tó rìn bọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́." Ó yíjú sí Ọdẹ́rìndé. "Dìde, kí o bẹ̀rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀. Ó tún pọ̀n ọ́n.

Nígbà tí wọ́n wọ ìlú yìí, Àwẹ̀ró ti ń rọbí, ó ti dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán. Ọmọ náà dábùú, àwọn obìnrin ilé ti ká ọwọ́ lérí. Àgátà ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, kí wọ́n sì gbé òun kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá ọmọ náà, ó rọra yí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń bá àwọn iwin sọ̀rọ̀. Ìyá yè. Ọmọ yè. Ó gbé ọmọ náà lé Ọdẹ́rìndé lọ́wọ́, Ọdẹ́rìndé sì rántí àlọ́ Ẹlẹ́sẹ̀kan níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.

Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ yọ jáde. Ẹ̀yin náà sì mọ orúkọ tí à ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun ni ẹ fi ń kí mi láràárọ̀.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ yan Olúọdẹ yín. Ẹ dá itan ìgalà padà, ẹ dá àgbò padà. Ẹ kàn ṣàkíyèsí pé èmi Ìgè kò tọrọ rẹ̀ o.